Ìṣákọ́lẹ̀ tí Fidel Castro kò gbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ni mo sì ń lò. Lọ́dún 2023, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí Havana àti Matanzas láti kí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tó wà níbẹ̀. Ní báyìí ọmọ àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Houston. Mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba ESTA, àṣẹ tó ń jẹ́ kí àwa tá a ní ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba wọ Amẹ́ríkà láì gba físà, bí mo ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní kò ṣeé ṣe torí pé mo ti dé Kúbà. Ẹni tó ti dé Ṣáínà ń wọlé, ẹni tó ti dé Vietnam ń wọlé, ìjọba kọ́múníìsì sì ni gbogbo wọn. Kí ni Kúbà ṣe fún Amẹ́ríkà gan-an? Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ESTA kúrò lọ́nà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí sáà àkọ́kọ́ Donald Trump tán, ìjọba rẹ̀ dá orúkọ Kúbà padà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ní wọ́n ń ti ìgbésùmọ̀mí lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù náà kò lè lo ESTA mọ́, ì báà jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ló ní. Wọn ò ní kí ẹ má wọ Amẹ́ríkà o. Físà ni wọ́n ní kí ẹ lọ gbà, kí ẹ to ìlà, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwa tá a ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́ wa.

Ìwé orúkọ ọ̀hún alára, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi í ṣeré. 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ Kúbà sí i, lábẹ́ Reagan. Obama yọ ọ́ ní 2015. Trump dá a padà ní 2021. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2025, Biden ní òun ti yọ ọ́. Ọjọ́ kẹfà sí ìgbà yẹn, ọjọ́ tí Trump tún gorí àga, ó ní irọ́ ni, ẹ dá a padà. Kò sí ohun tí Kúbà ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn tó yí i padà di olóore tàbí ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ ilé Amẹ́ríkà ni.

Ẹ wáá bi mí pé kí ni Kúbà ṣe. Lójú tèmi, ohun tí Kúbà ṣe ni pé ó lé àlejò tó ti sọ ara rẹ̀ di baálé kúrò nílé, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, ó sì lọ pe ọ̀tá àlejò náà pé kó wá máa gbé yàrá tó ṣófo. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni orúkọ kọ́múníìsì tó dé.

Láti Key West, ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀ Fùlọ́rídà, dé etíkun Kúbà, nǹkan bíi máìlì 90 ni. Ó fi díẹ̀ ju Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ohun tó bá sún mọ́ni tó báyìí, ojú a máa wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1823, John Quincy Adams, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà nígbà yẹn, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí èso ni Kúbà ṣe rí lórí igi: bó bá já lára Sípéènì, ọwọ́ Amẹ́ríkà náà ló máa bọ́ sí. Ní 1848, Ààrẹ Polk fẹ́ fi 100 mílíọ̀nù dọ́là rà á. Sípéènì ní òun ò tà.

Àwọn ọmọ Kúbà fúnra wọn ló dìde gbébọn. José Martí, akéwì tó ti pẹ́ ní New York, wà lára àwọn tó dá ogun òmìnira sílẹ̀ ní 1895. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ló bá ogun lọ. Antonio Maceo, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú, kú ní 1896. Ogun náà ti jẹ Sípéènì dé eegun kí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Maine tó bú gbàù ní èbúté Havana, lọ́jọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1898, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 260. Amẹ́ríkà wọ ogun, oṣù mélòó kan sì ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó ní Paris lópin ọdún láti pín ogún Sípéènì, Sípéènì wà níbẹ̀, Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ọmọ Kúbà kan ṣoṣo kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àga tó ṣófo yẹn. A máa tún padà débẹ̀.

Ọmọ ogun Amẹ́ríkà jókòó sí Kúbà títí di 1902. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí àwọn ará Kúbà fi ohun kan sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Àtúnṣe Platt: pé Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ Kúbà nígbà tó bá wù ú, pé Kúbà sì gbọ́dọ̀ fún un nílẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ á máa dúró sí. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n gbà. Ibẹ̀ ni Guantánamo ti wá, ní 1903: ilẹ̀ tó tó máìlì 45 níbùú lóròó, pẹ̀lú èbúté tó dára. Owó ọdọọdún rẹ̀ jẹ́ 2,000 dọ́là oníwúrà, tó di nǹkan bíi 4,085 dọ́là lẹ́yìn àdéhùn tuntun ti 1934. Àdéhùn yẹn fagi lé ẹ̀tọ́ àtidásí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀ náà kò ní kúrò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ fẹnu kò, tàbí bí Amẹ́ríkà bá fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ayálégbé tó jẹ́ pé òun ló máa sọ ìgbà tí òun máa kó jáde.

Ẹni tó bá ti bá wọn dá sí ẹjọ́ ilẹ̀ rí nílé wa á mọ ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́. Iṣu àti epo tí àgbẹ̀ àtọ̀húnrìnwá ń gbé wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún kì í tó nǹkan láti jẹ, ẹ̀rí ni. Ẹni tó ń san án ń jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni òun nilẹ̀, ẹni tó sì ń gbà á ti gbà pé àlejò náà lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dáko. Ohun tí Fidel Castro, tó wá di olórí Kúbà lẹ́yìn ìyípadà, rí nìyẹn. Ní 1959, ìjọba rẹ̀ gba ṣẹ́ẹ̀kì kan sí owó nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì rú wọn lójú; wọ́n ní àṣìṣe ni. Láti ìgbà yẹn, Amẹ́ríkà ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́; nígbà ayé Fidel, inú dúróò tábìlì rẹ̀ ló máa ń jù ú sí, kò sì gbà á sówó. Àmọ́ ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbà yẹn, Amẹ́ríkà ṣì ń tọ́ka sí i pé ìjọba yín gbà pé àdéhùn wa múlẹ̀.

Láàárín 1902 sí 1958, Kúbà ní ààrẹ, ó ní àsíá, ó ní orin orílẹ̀-èdè. Agbára gidi wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Iná mànàmáná àti tẹlifóònù, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ni ín. Apá ńlá nínú oko ìrèké àti ilé ìfúnrèké, bákan náà. Earl Smith tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Havana títí Batista, ààrẹ Kúbà tó ń fi agbára ṣèjọba, fi sá lọ sọ ọ́ níwájú àwọn aṣòfin ní 1960 pé ẹni kejì tó lágbára jùlọ ní Kúbà ni aṣojú Amẹ́ríkà, pé nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ju ààrẹ lọ. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Batista sá ní ọjọ́ kìíní ọdún 1959. Lọ́jọ́ kẹjọ, Fidel ń bá èrò sọ̀rọ̀ ní Havana, ẹyẹlé funfun kan fò wá bà lé e léjìká. Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn á mọ ohun tí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sọ: Ọbàtálá ti fọwọ́ sí i. Èmi ò rò pé Fidel, ọmọ ilé ìwé àwọn Jesuit, rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé ẹyẹ náà.

Ní oṣù kẹrin ó lọ sí Washington. Ààrẹ Eisenhower lọ gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, Nixon igbá-kejì rẹ̀ ló rí i. Nígbà yẹn Fidel ṣì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kì í ṣe kọ́múníìsì. Àwọn kan ní ó ń fi pamọ́ ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Raúl àbúrò rẹ̀ àti Che Guevara ti wà nídìí ẹ̀kọ́ Marx, ìpìlẹ̀ kọ́múníìsì, tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra wọn, torí ibẹ̀ lẹ máa ti rí i.

Oṣù karùn-ún 1959, òfin ilẹ̀ jáde: ẹnikẹ́ni tí oko rẹ̀ bá ju nǹkan bíi héktà 400 lọ, ìjọba máa gba èyí tó ṣẹ́ kù. Ìjọba ní òun máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún, iye tí olóko fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tó ń san owó orí ni òun sì máa fi ṣírò rẹ̀. Àwọn olóko tó ti ń pe oko wọn ní kékeré torí àtijẹ owó orí mọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Washington kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní owó gidi ni wọ́n fẹ́, kíá.

Oṣù kejì 1960, Mikoyan, aláṣẹ kan láti Sófíẹ́ẹ̀tì (ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà yẹn, ọ̀tá Amẹ́ríkà), wá sí Havana, ó ní àwọn máa ra ṣúgà, àwọn máa fi epo rọ̀bì pààrọ̀ rẹ̀. Epo dé. Àwọn ilé ìfọpo Texaco, Esso àti Shell ní àwọn ò ní fọ epo Rọ́ṣíà. Fidel gba ilé ìfọpo. Eisenhower gé 700,000 tọ́ọ̀nù kúrò nínú ṣúgà tí Amẹ́ríkà ń rà lọ́wọ́ Kúbà. Fidel gba ilé ìfúnrèké, ó gba iléeṣẹ́ iná, ó gba tẹlifóònù, ó gba báńkì. Oṣù kẹwàá, Amẹ́ríkà ní òun ò ní ta ohunkóhun fún Kúbà mọ́ àyàfi oúnjẹ àti oògùn. Oṣù kìíní 1961, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ aṣojú. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù sí pápá ọkọ̀ òfurufú Kúbà. Ọjọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń sin òkú àwọn tó kú, ni Fidel ti kọ́kọ́ pariwo síta pé ìyípadà ti àwọn, ti sósíálíìsì ni. Ilẹ̀ ti lọ, epo ti lọ, ṣúgà ti lọ, aṣojú ti lọ, kí orúkọ yẹn tó dé.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni nǹkan bíi 1,400 ọmọ Kúbà tó ti sá lọ, tí CIA, àwọn amí ìjọba Amẹ́ríkà, kọ́ ní ogun, gúnlẹ̀ sí Girón, etíkun kan ní Kúbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Fidel fi ṣẹ́gun wọn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún wọn tó kú, ó kó bíi 1,200 lẹ́rú, kò sì dá wọn sílẹ̀ títí Amẹ́ríkà fi kó oúnjẹ àti oògùn tó tó 53 mílíọ̀nù dọ́là wá. Oṣù kejì 1962, Ààrẹ Kennedy fòfin de gbogbo òwò pẹ̀lú Kúbà. Pierre Salinger, agbẹnusọ rẹ̀, sọ lẹ́yìn náà pé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfọwọ́sí, ọ̀gá òun rán òun kí òun lọ wá sìgá Kúbà 1,000. 1,200 ni òun rí. Ó di àárọ̀, Kennedy mú kálàmù.

Ti ọdún 1962 yẹn lẹ ti gbọ́: ohun ìjà núkílíà tí Khrushchev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, kó lọ sí Kúbà, tí ọkọ̀ òfurufú U-2 ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, tí gbogbo ayé sì fi ń gbàdúrà fún ọ̀sẹ̀ méjì. N kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni bó ṣe parí. Khrushchev ní òun á kó o kúrò, Kennedy ní òun ò ní ya wọ Kúbà, ó sì fi ọwọ́ ẹ̀yìn ṣèlérí pé òun á kó àwọn ohun ìjà Jupiter tòun kúrò ní Tọ́kì. Fidel, tó jẹ́ pé ilẹ̀ tirẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún wà, lórí ìròyìn ló ti gbọ́. Inú bí i gan-an. Àga tó ṣófo ní Paris ní 1898, òun náà ló tún ṣófo ní 1962, ọ̀rẹ́ tuntun sì ni Sófíẹ́ẹ̀tì tó ṣe é báyìí. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn aláṣẹ Kúbà ti gbà pé ẹni ńlá kì í bá ẹni kékeré sọ̀rọ̀ àfi tó bá rí ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn aláṣẹ Kúbà kì í sì ṣe ẹ̀rù lásán. Ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló wádìí ní 1975, tó ní ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n gbìmọ̀ láti pa Fidel.

Ọdún 1975 yẹn kan náà, wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ìlàjà ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ènìyàn Kissinger, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà nígbà yẹn, àti ti Fidel. Àǹgólà ló dà á rú. Ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà, nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Fidel sì kó ọmọ ogun lọ pàdé wọn láì bi Sófíẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tó sọ ogun náà ni Carlota. Ìyá Ìbejì, ẹ ti dé Matanzas, bóyá wọ́n sọ fún yín: ní oṣù Kọkànlá 1843, ní ilé ìfúnrèké Triunvirato ní ẹkùn Matanzas níbẹ̀, obìnrin ẹrú kan gbé àdá, ó ṣíwájú àwọn ẹrú yòókù, wọ́n sì pa á. Carlota Lucumí ni ìwé pè é. Lucumí ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn wa ní Kúbà. Nítorí náà ọmọbìnrin wa ni orúkọ ogun tó bí Kissinger nínú jùlọ. Nígbà tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n, Matanzas náà ló lọ, lọ́jọ́ 26 oṣù keje 1991, láti lọ dúpẹ́.

Ó wá ku Ṣáínà àti Vietnam. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí dáhùn, ó sì rọrùn: àwọn yẹn ti san gbèsè. Ní 1979, Ṣáínà gbà láti san 80.5 mílíọ̀nù dọ́là fún dúkìá àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbà. Vietnam san 208 mílíọ̀nù ní 1995. Ti Kúbà, ìgbìmọ̀ kan ní Washington ṣírò rẹ̀, ó rí 5,913 ẹni àti iléeṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ wọn dájú, owó wọn sì lé ní bílíọ̀nù 1.8 dọ́là kí èlé tó gùn ún. Kúbà kò tíì san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Òun náà ní Amẹ́ríkà jẹ òun ní àdánù gbogbo ọdún tí wọ́n fi dí òun lọ́nà. Onígbèsè méjì tí kálukú ń ka ìwé tirẹ̀. Ṣáínà tún ní ọjà tó tóbi tí ọlọ́jà Amẹ́ríkà ò lè fojú fò. Kúbà, ènìyàn ibẹ̀ kò tó ti Èkó.

Miami tún wà. Àwọn tí Fidel gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò lọ jìnnà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tẹ̀ lé wọn, 125,000 ní 1980 nìkan láti èbúté Mariel. Wọ́n di ọmọ onílẹ̀ ní Fùlọ́rídà, wọ́n ń dìbò, Fùlọ́rídà yìí sì ni ìbò 537 ti sọ Bush di ààrẹ ní 2000. Olóṣèlú wo ló máa lọ bá wọn pé ẹ jẹ́ ká dárí ji Fidel? (Àwọn náà ló gbé òrìṣà yín débẹ̀ o. Nígbà tí ìlú Hialeah fòfin de ẹbọ ẹlẹ́jẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Lukumí Babalú Ayé pè wọ́n lẹ́jọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n sì jàre ní 1993. Ìjà tó tú wọn ká ló gbin òrìṣà sí Fùlọ́rídà.)

Lẹ́yìn èyí ni òfin Helms-Burton. Oṣù kejì 1996, ọkọ̀ òfurufú ogun Kúbà já ọkọ̀ òfurufú kékeré méjì ti àwọn ará Miami bọ́, ẹni mẹ́rin kú. Clinton tí kò fẹ́ òfin náà tẹ́lẹ̀ fọwọ́ sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọdún ìbò ló kúkú jẹ́. Òfin yẹn ní ìfòfindè kò ní kúrò títí ìjọba mìíràn fi máa dé Kúbà, ó sì dárúkọ Fidel àti Raúl pé wọn ò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ààrẹ, ó gbé e fún ilé aṣòfin. Ìdí nìyẹn tí Obama, tó ṣí ilé-iṣẹ́ aṣojú ní 2015 tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Havana ní 2016, kò fi lè mú ìfòfindè kúrò. Láti 1992, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń dìbò pé kí wọ́n dá a dúró. Ní 2024, orílẹ̀-èdè 187 ló ní bẹ́ẹ̀ ni, Amẹ́ríkà àti Ísírẹ́lì nìkan ló ní rárá. Kò yí nǹkan kan padà.

Mi ò ní sọ fún yín pé ìjọba Havana mọ́ o. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà. Ní 2003 wọ́n ju alátakò 75 sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìwọ́de ọjọ́ 11 oṣù keje 2021, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló tún wọ ẹ̀wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ebi ibẹ̀ ni ìfòfindè fà. Láti 2000 ni òfin Amẹ́ríkà ti gbà kí wọ́n ta oúnjẹ fún Kúbà bó bá san owó sílẹ̀, ọ̀pọ̀ adìẹ tí ẹ jẹ ní Havana sì lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tó pọn 8.5 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ṣúgà ní 1970 ló tún wá ń ra ṣúgà nílẹ̀ òkèèrè lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí. Oko tí ìjọba ń dá láìsí olóko, a mọ bó ṣe máa ń rí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: Amẹ́ríkà kò rí ìjọba yẹn lé lọ láti ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ìjọba yẹn kò sì rí oúnjẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní ti físà yín, ẹ tètè lọ kọ orúkọ, torí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè pẹ́ kó tó kàn yín. Bí wọ́n bá bi yín nípa Kúbà, ẹ sọ òótọ́, pé ẹ̀sìn lẹ bá lọ. Ìrìn àjò ẹ̀sìn wà lára ìdí méjìlá tí òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fi gba àwọn ọmọ rẹ̀ láyè láti lọ síbẹ̀. Kí ẹ mú ìwé ìpè ìgbéyàwó dání. Ẹ bá mi kí ìyàwó.